Ẹ Dá Òkúta Mi Padà

Kí ọkọ̀ akẹ́rù náà tó dúró nísàlẹ̀ ni Ìyá Onídìrí ti mọ̀ pé ọmọ òun ló dé. Kò sí ọkọ̀ mìíràn ládùúgbò tó máa ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀, bí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí wọn ò fún láyè. Ó dìde lórí àga, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kí wọ́n má baà bá òun ní ìjókòó bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ gbé.

Ẹrù ni ọmọ náà sì fẹ́ wá gbé lóòótọ́. Àkọ́bí rẹ̀ ni, Bíríkìlà tí gbogbo ènìyàn ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pè. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ yàrá kan sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní ìpẹ̀kun ìlú, ó rẹ́ ẹ, ó kùn ún, ó ní ti ìyá òun ni. Láti ọjọ́ tó ti bá ìkòkò ẹ̀wà tó jóná kanlẹ̀ lórí gáàsì ìyá rẹ̀, tí èéfín kún ilé bámúbámú, tí ìyá náà sì wà láàárín rẹ̀ tó ń wúkọ́, ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ojú Ìyá Onídìrí ti lọ. Kò lọ lójijì. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ tó ń ṣá lórí okùn, títí tó fi ku ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé àti òjìji ẹni tó bá gba iwájú rẹ̀ kọjá. Dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò bá ojú lọ. Àwọn obìnrin ṣì ń gun àtẹ̀gùn ilé náà wá, wọ́n ń jókòó sáàárín orúnkún rẹ̀ lórí àpótí kékeré kan, kó lè bá wọn dirun. Ìka rẹ̀ á la orí sí méjì, á la èyí tó kù sí wẹ́wẹ́, kò sì sí ìlà kan tó máa wọ́. Ta ló máa wá dirun lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n? Ohun tó ń já a láyà nìyẹn. Yàrá kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tó bá mú un kúrò nínú ilé yìí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun yóò sì di ìyá àgbà kan tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá nínú abọ́ tí wọ́n dé, tí wọ́n ń bi léèrè bíi ọmọdé pé ṣé ó ti yó.

Ló bá bá ọmọ rẹ̀ dá àdéhùn. "Gbé ẹ̀wà wá," ó ní. "Ẹ̀wà gbígbẹ, bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n látinú àpò, tòun ti òkúta ẹ̀, tòun ti ìdọ̀tí ẹ̀. Màá ṣà á, màá fọ̀ ọ́, màá sè é, màá bù ú. Kí ẹnikẹ́ni má ràn mí lọ́wọ́. Bí eyín ẹnì kan bá pàdé òkúta nínú ẹ̀, tàbí tó bá jóná, tàbí tí iná bá jó mi, màá di ẹrù mi, màá tẹ̀ lé ẹ láìjanpata. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, o ò ní dárúkọ ẹrù dídì nínú ilé yìí mọ́."

Bíríkìlà gbà. Kí ni kò ní í gbà sí? Ẹ̀wà tí àwọn tó lójú méjèèjì ṣà ní òwúrọ̀, tí wọ́n tún fi eyín ṣa ìyókù rẹ̀ ní ọ̀sán!

Ọjọ́ náà ló pé yìí. Ẹsẹ̀ mẹ́ta gun òkè wá: bàtà iṣẹ́ Bíríkìlà tó wúwo, sálúbàtà àbúrò rẹ̀ obìnrin, Aránṣọ, tó ń gbé ní òpópónà kejì, tí wọ́n ní kó ra ẹ̀wà náà dání, àti ẹsẹ̀ wọ́-wọ́-wọ́ ti Bàbá Awakọ̀, ará ìsàlẹ̀, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ni wọ́n pè kó wá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eyín tuntun sí i lẹ́nu ni, ó sì ń ṣìkẹ́ eyín náà ju bó ṣe ṣìkẹ́ bọ́ọ̀sì kankan rí lọ. Òkúta kì í fara pa mọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni Bíríkìlà wí.

"Káàárọ̀, ọkọ mi. Àwọn ará ilé ńkọ́? Bàbá Awakọ̀, ẹ káàbọ̀ sà. Ṣé eyín jí dáadáa?"

"Eyín jí, Ìyá Onídìrí. Ó ní kí n kí yín. Ó ní kí n bẹ̀ yín pẹ̀lú."

Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìdáná bí ẹni tó wá wo ìdíje. Aránṣọ gbé ẹ̀wà náà ka orí tábìlì. "Màmá, ẹ̀wà alámì yẹn ni o," ó ní, ohùn rẹ̀ sì kéré, "èyí tó rí tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀wà tí kì í kánjú ni."

Ó fa tírè tánganran rẹ̀ súnmọ́ra. Bó ṣe ń ṣa ẹ̀wà láti ìgbà tí ojú ti lọ nìyí: á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, á wá jẹ́ kó máa já bọ́ sórí tírè láàárín ìka, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀wà á máa dún pọ̀-pọ̀-pọ̀ bí ẹni tó wọ bàtà rọ́bà. Òkúta ò lè wọ bàtà rọ́bà. Bó ti wù kó kéré tó, ohùn rẹ̀ mú: kín! Níbi tó bá ti dún ni ìka rẹ̀ á ti sọ̀ kalẹ̀ lé e bí ẹyẹ tó rí ìdin.

Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kìn-ín-ní. Pọ̀-pọ̀-pọ̀. Ó bu òmíràn. Pọ̀-pọ̀-pọ̀. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó ní orí òun mà bá òun ṣe é o. Ó bu òmíràn, kò gbọ́ kín kankan, ló bá fi ìka tẹ àwọn ẹ̀wà náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló kún, gbogbo wọn ló ń dán.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ta ló ṣa ẹ̀wà yìí?"

Àga Bàbá Awakọ̀ ló dún.

"Mo ní ta ló ṣà á? Kò sí èyí tí kòkòrò jẹ nínú ẹ̀. Kò sí èyí tó hunjọ. Kò sí èèpo, kò sí igi. Ẹ̀wà wo ló ń tinú àpò wá báyìí? Ẹ̀wà yìí mọ́ ju ọkàn gbogbo yín lọ!"

"Màmá, ẹ má bínú." Ẹkún ti wà lẹ́nu Aránṣọ. "Èmi ni mà. Nígbà tí mo rà á délé lánàá, mo wò ó, òkúta inú ẹ̀ pọ̀. Mo ní tí n bá gbé e wá bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé yín lọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ."

"Ìwọ!" Bíríkìlà ti dìde. "Kí ni mo sọ fún ẹ? Ṣé mi ò ní kó o má fọwọ́ kàn án?"

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n káwọ́ gbera máa wò wọ́n ni?"

"Ìyá mi ni wọ́n, kì í ṣe pé mò ń gbé wọn lọ sẹ́wọ̀n! Táìlì ló wà nílẹ̀ yàrá tí mo kọ́ fún wọn!"

"Ṣé táìlì ló máa bá wọn sọ̀rọ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́?"

Bíríkìlà mí kanlẹ̀. Ó yí sí ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ wá rọ̀, rírọ̀ náà sì ba ìyá náà nínú jẹ́ ju ariwo lọ. "Màmá, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ìdánwò yìí. Ẹ kúkú jẹ́ ká máa lọ. Kò sí ẹni tó máa fi yín ṣẹ̀sín."

Ìyá Onídìrí rí i kedere ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Tó bá se ẹ̀wà yìí báyìí, kó dùn títí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ọmọ rẹ̀ ló bá a ṣà á. Tí kò bá sì sè é, ọkọ̀ wà nísàlẹ̀. Ìfẹ́ ọmọ ló fẹ́ lé e kúrò nílé.

"Níbo lo da àwọn òkúta náà sí?" ó bi Aránṣọ.

"Mo ti gbá wọn dànù mà."

"Ó dáa. Ìwọ Bíríkìlà, ṣé òkúta wọ́n níbi iṣẹ́ yín ni?"

"Rárá mà. Ó wà nínú ọkọ̀ gan-an."

"Sọ̀ kalẹ̀. Lọ ṣà wá. Ẹ dá òkúta mi padà sínú ẹ̀wà mi."

"Ẹ gbà mí o!" Bàbá Awakọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. "Ìyá Onídìrí, oúnjẹ tí èmi máa kọ́kọ́ jẹ lẹ fẹ́ da òkúta sí? Eyín yìí ò tíì mọ inú ẹnu mi dáadáa!"

"Bàbá, ṣé wọn ò sọ pé ẹni tó bá fi sùúrù se òkúta á mu omitoro ẹ̀?"

"Wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó ṣì ní eyín tí wọ́n bí i mọ́ ló sọ ọ́."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Ìyá Onídìrí kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí ibi tí bàtà ọmọ rẹ̀ wà. "Gbọ́ mi o. Má ṣàánú mi. Òkúta tí ọmọdé lè rí, má mú un wá. Èyí tó bá jọ ẹ̀wà ni kó o ṣà."

Bàtà wúwo sọ̀ kalẹ̀ lọ. Láti ojú fèrèsé ni ìyá ti ń gbọ́ ọ: ó ń wá nǹkan lórí irin ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń fi ìka tú òkúta wẹ́wẹ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kó òkúta lásán kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan ló máa bù tí á máa bọ̀. Eléyìí ń gbé e, ó ń wò ó, ó ń jù ú nù, ó ń gbé òmíràn. Ẹ̀rù ba ìyá náà, orí rẹ̀ sì wú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò kà ọ́ sí ló máa kó òkúta ńlá wá fún ọ.

Nígbà tó padà dé, ó da ohun tó mú wá sínú ẹ̀wà, ó fi ọwọ́ rò ó pọ̀. "Mo mọ iye tí mo dà sí i," ló wí, ó sì lọ jókòó.

Ìyá Onídìrí tún bẹ̀rẹ̀. Pọ̀-pọ̀-pọ̀, kín! Ìka sọ̀ kalẹ̀, òkúta bọ́ sínú ife. Ó ṣe díẹ̀, òmíràn tún dún. Ṣùgbọ́n Aránṣọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún ti ń ta ọ̀rọ̀ síra wọn wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́bàá ògiri, rédíò kan sì ń pariwo bọ̀ láti abẹ́ ilẹ̀ ilé. Ìyá náà gbé ọwọ́ kúrò nínú tírè.

"Ẹ panu mọ́ jàre. Ariwo yín ń ṣú mi lójú. Bàbá Awakọ̀, ta ló wà nísàlẹ̀ tó ń gbọ́ rédíò yín?"

"Kò sẹ́nì kankan. Mo fi í sílẹ̀ kó máa ṣọ́lé ni."

"Ó ṣọ́lé lọ́jọ́ tí ìkòkò mi jóná náà. Ṣé ẹ rántí bọ́ọ̀lù tí ẹ gbọ́ lọ́jọ́ yẹn? Odindi ilé ló ń mì. Ìkòkò mi ń ké pè mí, mi ò gbọ́ ọ. Nígbà tí imú mi máa fi gbọ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́."

Bàbá Awakọ̀ dìde. "Lọ́jọ́ yẹn," ó ní, ojú sì ń tì í, "àwọn tiwa ló gbá a wọlé ni…" Kò parí rẹ̀. Ó wọ́ ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, rédíò kú, ó tún wọ́ ẹsẹ̀ gòkè padà.

"Màmá," Bíríkìlà ní, "ẹ ò sọ fún mi pé bó ṣe jẹ́ nìyẹn."

"O ò bi mí. Èéfín lo bá, èéfín lo gbà gbọ́."

Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ ti wá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Àwọn òkúta tí ọmọ rẹ̀ ṣà jẹ́ ojúlówó ọ̀tá: wọ́n rí róbótó, wọ́n dán, wọ́n kúkú tóbi bí ẹ̀wà gẹ́lẹ́. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí tírè ṣófo, ó da ẹ̀wà sínú agbada omi, ó ń rò ó, ó ń fọwọ́ bu ẹ̀wà kúrò lójú omi díẹ̀díẹ̀, kí ohun tó bá wúwo lè kù sí ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìka rẹ̀ ti kan nǹkan kan tó jẹ́ kó dúró. Ẹ̀wà tútù a máa yọ̀ lọ́wọ́. Èyí kò yọ̀. Ó rí ṣákiṣàki díẹ̀, ó fúyẹ́, ó ń mu omi. Kò dún kín lórí tírè, torí kì í ṣe òkúta.

Ó gbé e sókè, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ burúkú! Bíríkì! Àfọ́kù bíríkì lo há mọ́ ọn fún mi!"

"Ẹ ní kí n má ṣàánú yín mà," ni Bíríkìlà dáhùn.

"O ò ṣàánú mi. O ṣeun, ọkọ mi."

Ó da ife náà sí i lọ́wọ́. Ó gbọ́ bó ṣe ń fi ìka yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ́lẹwọ́, tó kà wọ́n tán, tó tún padà kà wọ́n.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Aránṣọ ò lè mú un mọ́ra. "Ṣé kò pé ni?"

"Ó pé. Ó lé ẹyọ kan."

"Báwo ló ṣe lé?"

"Dúdú yìí kì í ṣe tèmi. Mi ò ní òkúta dúdú nínú ọkọ̀."

"Ti ẹni tó lójú méjèèjì ni," ni Ìyá Onídìrí wí, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ara ìró.

Bàbá Awakọ̀ gbá orúnkún. "Aránṣọ! Ojú abẹ́rẹ́ nìkan lo mọ̀ ọ́n wò! Ìwọ lò bá fọ́ mi léyín!" Aránṣọ fi ìborùn bojú, ẹ̀rín ló sì ń pa á níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n iná ṣì wà níwájú, Ìyá Onídìrí kò sì gbàgbé. Ó ṣá ìṣáná kó tó ṣí gáàsì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ tí iná gbà á, fùù, tó sì tàn yíká. Ó gbé ìkòkò kà á. Ó fi ìka wọn omi, ó jẹ́ kó bo ẹ̀wà dé oríkèé ìka kejì. Nígbà tó hó fún ìgbà díẹ̀, ó yẹ kó da omi àkọ́hó náà nù, ibẹ̀ gan-an ni Bíríkìlà ti ń retí. Omi gbígbóná, ìkòkò wúwo, obìnrin tí kò ríran. Àga rẹ̀ ha ilẹ̀.

"Jókòó."

Ó jókòó.

Ìyá rẹ̀ paná. Ó fi àkísà méjì di etí ìkòkò mú, ó yí sápá ọ̀tún, ó gbé e kalẹ̀ sínú síńkì tí kò jìnnà ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. Kò tẹ̀ ẹ́, kò dà á. Ẹ̀rọ omi ló ṣí lé e lórí. Omi tútù wọlé, ó ń lé omi gbígbóná jáde ní etí ìkòkò, díẹ̀díẹ̀, bí àlejò tuntun tó ń ti àlejò àná síta, títí tí gbogbo ẹ̀ fi tutù tó fọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó wá fi ọmọrí há ẹnu rẹ̀, ó sẹ́ ẹ, ó tún gbé e padà sórí iná.

"Ta ló kọ́ yín ní ìyẹn?" ni Bíríkìlà béèrè.

"Ẹ̀rù ló kọ́ mi. Olùkọ́ tó dáa ni, tí èèyàn ò bá sá fún un."

Ẹ̀wà alámì kì í kánjú lóòótọ́. Kí wọ́n má baà máa wo ìkòkò bí ẹni ń ṣọ́ òkú, ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin. "Wá jókòó síbí. Irun orí rẹ ti ń ké." Aránṣọ jókòó sórí àpótí, ìyá bọ́ ìborùn rẹ̀, ó la orí náà láti iwájú orí dé ìpàkọ́ pẹ̀lú ẹnu ìyarun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ìka rẹ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà lórí gáàsì. Omi tó pọ̀ a máa sọ̀rọ̀ bí ọjà, kùtù-kùtù-kùtù, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ti ẹnì kejì. Bó bá ti ń gbẹ ni ohùn ń wálẹ̀.

Ó gbọ́ tí bàtà wúwo súnmọ́ wọn. Ó gbọ́ èémí ọmọ rẹ̀ lókè ọwọ́ òun, ó sì mọ ohun tó ń ṣe: ó ti di ojú kan, ó ń fi ojú kejì wo ìlà tó wà lórí àbúrò rẹ̀ bó ṣe máa ń wo ògiri tuntun láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

"Ó wọ́ ni?"

"Kò wọ́ mà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò lè fa okùn kó tọ́ báyìí."

Kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀, ìyá rẹ̀ ti fi irun tí ò tíì dì tán lé Aránṣọ lọ́wọ́. "Di èyí mú. Ìkòkò ń fẹ́ omi." Bíríkìlà ní òun ò mà gbọ́ nǹkan kan o. Bàbá Awakọ̀ ní òun náà ò gbọ́, bẹ́ẹ̀ òun fi etí gbọ́ ìjàm̀bá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀ rí. Ìyá ṣí ìkòkò, Aránṣọ wò ó láti ọ̀ọ́kán, omi ti kù féré lórí ẹ̀wà. "Màmá, àmì ara ẹ̀ ti ń pòórá," ó ní. "Gbogbo ẹ̀ ti ń di àwọ̀ kan náà."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó ti ń gbà."

Ìyá da omi gbígbóná sí i látinú kẹ́tùlù tó ti gbé kaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ó gé àlùbọ́sà, ó ká ìka sínú kí oríkèé máa ṣe odi fún ọ̀bẹ. Àlùbọ́sà wọlé, ata wọlé, òróró tẹ̀ lé e. Iyọ̀ ò tíì wọlé. Bàbá Awakọ̀ ní ṣé wọn ò gbàgbé iyọ̀ ṣá. Ìyá ní, "Bàbá, ẹ̀wà tó bá rí iyọ̀ kó tó rọ̀ a di olóríkunkun. Orí kunkun tó wà nínú ilé yìí ti tó." Ìgbà tí ohùn ìkòkò di pòkẹ̀, pòkẹ̀, tó nípọn bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀, ló fi ṣíbí mú ẹyọ kan, ó fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ẹnu. Ó tú ká. Ó dá iyọ̀ sí i, ó rẹ iná sílẹ̀, ó ní kí wọ́n má tíì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Ó bù ú. Ó gbé àwo àkọ́kọ́ lé Bàbá Awakọ̀ lọ́wọ́, ó sì dúró níwájú rẹ̀. Gbogbo ohun tó ní nínú ayé, àpótí kékeré rẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀, àwọn orí tó ń dúró dè é, gbogbo rẹ̀ ló wà lẹ́nu ọkùnrin yìí. Ó gbọ́ tí ṣíbí lọ, ó gbọ́ tó bọ̀. Bàbá ń jẹ, kò yára. Ó tún bu òmíràn.

Kán!

Nǹkan líle kan bá etí àwo. Aránṣọ pariwo. Bíríkìlà ò mira. Ìyá Onídìrí rọra fọwọ́ di ẹ̀yìn àga mú. Ó ń wá inú ọkàn rẹ̀ kiri, ẹ̀kúnwọ́ wo ló yọ ọ́ sílẹ̀, àkókò wo ni etí rẹ̀ lọ.

"Kí ni gbogbo yín ń wò?" Ohùn Bàbá Awakọ̀ jáde ní pẹ́lẹ́bẹ́, bí ti ìkókó. "Eyín mi ni. Mo yọ ọ́ ni. Ó ń dínà adùn."

"Bàbá!" ni Aránṣọ ké.

"Ẹ̀wà yìí ò nílò eyín. Ẹ jẹ́ kó máa sinmi níbẹ̀." Ó tún bu ẹ̀wà sẹ́nu, ẹrigì ló sì fi ń lọ̀ ọ́.

Bíríkìlà ní ìyẹn ò lè ká a, àdéhùn ni àdéhùn, eyín tó wà lẹ́nu ni wọ́n ń wí. Ó gba àwo tirẹ̀. Ó jẹun bó ṣe ń ṣe iṣẹ́, láìfi ibì kan sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́, ó ń gbọ́ bó ṣe ń dúró lórí ẹnu kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ ká ẹnì kan mọ́ ibi burúkú. Ó jẹ àwo náà tán. Ó na àwo náà síwájú.

"Màmá, ẹ tún bù sí i fún mi."

"Ṣé ìdánwò náà ò tíì tán ni?"

"Ó ti tán mà. Ebi ló ń pa mí."

Ó bù ú fún un, ó kún àwo. Bíríkìlà gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun gbà. Ó ní òun ò ní dárúkọ ẹrù mọ́, àfi tí ìyá fúnra rẹ̀ bá pe òun. Ó ń sọ ọ́ bí ọkùnrin tó ń sọ ẹrù kalẹ̀ tí èjìká ṣì ń ro ó, ìyá rẹ̀ sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, pé ọmọ yìí gbé bíríkì yàrá yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ òun lẹ́nu.

"Yàrá tó o kọ́ yẹn," ó ní, "wá mú mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀. Mi ò bọ̀ wá gbé o. Mo fẹ́ fọwọ́ tọ ògiri ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

"Ó tọ́ mà."

"Mo mọ̀ pé ó tọ́. Àbí ta ló bí ẹ?"

Bíríkìlà dìde, ó ní kí wọ́n bá òun bu díẹ̀ sínú abọ́ fún àwọn ará ilé, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀dọ́mọkùnrin.

Ọkọ̀ náà kò gbéra kíákíá. Ìyá Onídìrí ń fọ tírè rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láti òpópónà. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ jù! Ó ti ṣí abọ́ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀, ó ń rojọ́, ọwọ́ ló sì dájú pé ó fi ń ṣàpèjúwe. Ó ní òun da òkúta sínú ẹ̀wà, ẹ̀kúnwọ́ méjì gbáko. Lójú ẹsẹ̀ ó ti di agolo kan. Ó ní ìyá òun ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa owó, ó ní irú etí bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́ láyé, ó ní ìyá òun ni, ìyá òun gan-an, kí ẹnì kan má sọ pé ìyá tòun náà lè ṣe é.

Aránṣọ ń rẹ́rìn-ín nínú ilé. "Màmá, ẹ gbọ́ irọ́ tí Bọ̀ọ̀dá ń pa? Agolo kẹ̀!"

Ìyá Onídìrí ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti kékeré pé ìgbéraga ò dáa, pé iṣẹ́ ẹni ló ń yinni. Ó nu ọwọ́, ó lọ síbi fèrèsé.

"Ìyá Onídìrí o!" Ohùn obìnrin kan bọ̀ láti ìsàlẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni ohun tí ọmọ yín ń sọ yìí?"

Ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé. Atẹ́gùn fẹ́ sí i lójú.

"Gòkè wá jẹ ẹ́," ó ní. "Kó o tó wá bi mí."

Ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí àtẹ̀gùn. Ó yí etí sí i, ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ju ẹsẹ̀ ẹnì kan lọ.

"Aránṣọ," ó ní, "kó àwo sí i wá."